Eré Wo Ni Ó Wù Yín Jù? Òǹwòran Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Níwájú Fíìmù àti Tẹlifíṣàn

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tó ìran kò lè ròyìn rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ sì tó o, ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Kò sí eré kan tí a wò lórí tẹlifíṣàn tàbí nínú fíìmù tí kì í ní ẹjọ́ lẹ́yìn. Bí a bá ti pa ẹ̀rọ tán ni ìgbẹ́jọ́ a bẹ̀rẹ̀: nínú yàrá, nínú ọkọ̀ èrò, nídìí àtẹ ọjà, lábẹ́ igi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò. Ọ̀kan a ní, "Eré yẹn dùn." Èkejì a ní, "Kí ni ó dùn níbẹ̀?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti òní ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni òǹwòran ń sọ nígbà tí ó bá ní eré kan wu òun? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àbí ìdájọ́ tí ó ní ìwọ̀n, tí ó sì lè tún iṣẹ́ àwọn òṣèré ṣe tàbí kí ó bà á jẹ́?

Kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ̀ jù, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Méjì ni wọ́n nínú ẹkùn márùn-ún tí ó para pọ̀ di Ìpínlẹ̀ Èkó. Etí ọ̀sà ni àwọn méjèèjì wà. Ẹ̀ka èdè tí àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ń sọ nílé sún mọ́ ti Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n èrò láti ibi gbogbo ti wá fi Ìkòròdú ṣe ilé. Ní Ẹ̀pẹ́ ẹ̀wẹ̀, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó Ẹ̀pẹ́ wà, nítorí pé ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní 1851. Ibi tí irú ènìyàn púpọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti pàdé níwájú eré kan ṣoṣo, èrò kò lè jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó dá a sílẹ̀. Abẹ́ ìjọba yìí kan náà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà nígbà náà. Ọdún 1967 ni wọ́n di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 1980, nígbà tí Alhaji Látéèfù Jákáńdè jẹ́ gómìnà, Ìpínlẹ̀ Èkó dá tẹlifíṣàn tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan, ilé rẹ̀ a di gbọ̀ngàn àdúgbò. Àwọn àgbà a jókòó lórí àga, àwọn ọmọdé a jókòó sílẹ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé a máa yọjú láti ojú fèrèsé. Bí iná bá wá lọ ní ibi tí eré ti dùn jù, olúkúlùkù a fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìtàn náà. Ohun tí ó sì pani lẹ́rìn-ín ni pé nínú ẹkùn Ìkòròdú yìí kan náà, ní Egbin, ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá ńlá kan wà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárín àwọn ọdún 1980 wá, tí a ṣe láti máa pèsè iná tí ó tó 1,320 megawatt. Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀bá odò tún lè fi itọ́ ṣan ojú.

Kókó ibẹ̀ ni pé àjọwò ni eré nígbà náà, nítorí náà àjọdá ni ẹjọ́ rẹ̀. Láti inú àjọdá ẹjọ́ yìí ni àwọn òṣùwọ̀n kan ti jáde, tí àwọn òǹwòran ń lò títí di òní bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń lò ó. Mẹ́rin ni wọ́n: ìtàn, èdè, òṣèré àti ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn ni ó ṣíwájú. Òǹwòran fẹ́ràn ìtàn tí ó bá jọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni Ti Olúwa Nilẹ̀, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993. Nínú rẹ̀, ìjòyè kan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìmọ̀ ta ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ìlú fún ilé-iṣẹ́ epo, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn tí ó tà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń gbé ibi tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún ilẹ̀ lè wo eré náà kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, níbi tí ìlú Èkó ti ń fẹ̀ dé, tí oko àná ti di ilé àti ilé-iṣẹ́ lónìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ àwọn ajagungbalẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin láti dènà wọn ní 2016. Bí ará Ẹ̀pẹ́ kan bá wá sọ pé nínú gbogbo fíìmù tí òun ti wò, èyí ni ó wu òun jù, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ ni ó ń yìn bí kò ṣe òtítọ́ tí ó rí níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n kejì ni èdè. Àwọn àgbà òǹwòran kì í gbàgbé eré tí Yorùbá inú rẹ̀ bá jinlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dárúkọ Ìjà Òmìnira, èyí tí a ṣe láti inú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tí Ọlá Balógun sì darí ní 1979. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí wọ́n fi ń dárúkọ Ó Le Kú (1997) àti Ṣaworoidẹ (1999), tí àwọn méjèèjì ti ọwọ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá wá. Nínú Ṣaworoidẹ, ọba ìlú Jogbo kọ̀ láti ṣe ìmùlẹ̀ tí ó so adé pọ̀ mọ́ ìlù. Ológun gba ìjọba. Ìlù ni ó sì gbẹ̀san níkẹyìn. Gbogbo ẹni tí ó wò ó ní ọdún náà, tí ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní Nàìjíríà, mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí a dárúkọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún ọmọlúàbí. Èyí ni òǹwòran ń pè ní èdè dídùn: kì í ṣe òwe tí a kàn ń tò lé orí ara wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè tún ní ibi tí ó ti ń dun ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Nígbà mìíràn tí òṣèré bá fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín, ohùn Ìjẹ̀bú ni ó máa ń sín jẹ, tí yóò sì fi ohùn náà sí ẹnu ahun tàbí olówó tí kò mọ̀wé. Ẹni tí ó ti Ọ̀yọ́ wá a rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀fẹ̀ náà lè má rẹ́rìn-ín. Bí irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ bá sọ pé eré náà kò wu òun, kí a má ṣe sọ pé kò mọ ẹ̀fẹ̀. Ó ń béèrè nǹkan tí ó tọ́: èé ṣe tí ẹ̀ka èdè òun fi yẹ fún ẹ̀rín nìkan, tí kò yẹ fún ọ̀rọ̀ ọgbọ́n? Agbára tí eré ní lórí èdè kò kéré. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe The Village Headmaster tí tẹlifíṣàn Nàìjíríà gbé jáde láti 1968 títí dé 1988, síbẹ̀ orúkọ obìnrin olófòófó inú rẹ̀, Amebo, ti di ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò rí eré náà rí pàápàá ń lò ní ọjà. Ohun tí ó lè fi orúkọ ènìyàn kan di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé lè sọ ohùn ìlú kan di ẹ̀sín pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni òṣèré fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ni kò fẹ́ràn eré bí kò ṣe ẹni tí ó ń ṣe é. Àwọn tí ó wo Ayé (1979) rántí Hubert Ògúndé gẹ́gẹ́ bí Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó dojú kọ àwọn àjẹ́, ju bí wọ́n ti rántí ìtàn náà lọ. Àwọn tí ó wo Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, rántí gíláàsì ńlá àti táì ràgàjì ọrùn rẹ̀ kí wọ́n tó rántí ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ. Èyí kì í ṣe àbùkù. Iṣẹ́ òṣèré ni pé kí ó wọ ojú ẹni. Àbùkù ibẹ̀ ni kí òǹwòran má lè ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ipa tí ó kó. Ẹni tí ó bá rí òṣèrébìnrin kan ní ọjà, tí ó ń ṣépè fún un nítorí pé ó jẹ́ ìyálé burúkú nínú fíìmù, ń yìn ín láìmọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é níbi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó gba gbogbo ohun tí òṣèré àyànfẹ́ rẹ̀ bá ṣe gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó dára. Ìfẹ́ ti bo ojú onítọ̀hún, kò sì lè dá ẹjọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ ni ó kẹ́yìn, òun ni ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín òbí àti ọmọ. Fúnkẹ́ Akíndélé, ẹni tí a bí ní Ìkòròdú ní 1977, gbé fíìmù Jenifa jáde ní 2008. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, Suliat, tí ó ti abúlé lọ sí yunifásítì, tí ó yí orúkọ padà, tí ó sì kó sínú ẹgbẹ́ búburú títí ó fi kábàámọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìkòròdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán.

Ọmọ ní, "Màmá, eré yìí mà dára o. Ẹ ò rí i bí ẹ̀kọ́ ti pọ̀ tó níbẹ̀?"

Ìyá ní, "Ẹ̀kọ́ wo, ìwọ ọmọ yìí? Láti ìgbà tí a ti jókòó ni wọ́n ti ń fi ìranù hàn wá. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí ni wọ́n tó rántí ẹ̀kọ́."

Ọmọ ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Bí wọn kò bá fi ọ̀nà tí ó tọ̀ hàn wá, báwo ni a ó ṣe mọ kòtò tí ó já sí?"

Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀nà kòtò dùn ju ọ̀nà ilé lọ."

Ta ni ó jàre? Àwọn méjèèjì jàre, nítorí pé àwọn méjèèjì mú ìdí wá. Ìyá wo ìwọ̀n: báwo ni àkókò tí a fi ṣe àfihàn ẹ̀ṣẹ̀ ti pọ̀ tó sí èyí tí a fi ṣe àfihàn èrè rẹ̀? Ọmọ wo ètò: kí ni ó fa kí ni? Onímọ̀ tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ kò ní ohun èlò tí ó ju méjèèjì yìí lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "ó wù mí" àti "ó dára" nìyí. "Ó wù mí" kò nílò ẹlẹ́rìí. Ẹnikẹ́ni kò lè bá ọkàn ẹlòmíràn jà lórí ohun tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti lè wí pé "ó dára," ó ti wọ ilé ẹjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Àwọn òǹwòran kan sì wà ní Ìkòròdú tí kò fi ẹnu sọ èrò wọn rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn ọmọdékùnrin tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois a máa wo fíìmù ńláńlá tí wọ́n fẹ́ràn, wọn a sì tún àwọn ìran inú rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ohun tí ó bá wà nílé: kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, igi, báàlì, ìkòkò. Ní 2020 wọ́n tún àwọn ìran kan ṣe nínú Extraction, fíìmù ìjà kan tí Netflix gbé jáde. Ó dé etígbọ̀ọ́ àwọn tí ó ṣe fíìmù náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pe àwọn ọmọ náà síbi ìṣíde apá kejì rẹ̀. Àwọn kan rò pé ẹ̀rín lásán ni ohun tí wọ́n ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí ẹni tí ó lè tún ìran kan ṣe bí kò bá kọ́kọ́ rí i dáadáa: ibi tí ayàwòrán dúró sí, ìgbà tí a gé àwòrán, bí ara òṣèré ti yí. Àwọn ọmọ náà jẹ́rìí pé ojú òǹwòran tí ó mọ̀ ọ́n wò ni àkọ́bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Wàyí o, gbèsè kan wà lọ́rùn òǹwòran tí a kì í fẹ́ sọ. Ní 1982 Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ìfẹ́ náà gan-an ni ó sì di ìyà fún un. Àwọn oníṣẹ́ ibi jí i dà sórí fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri kí ẹni tí ó ni ín tó rí owó rẹ̀ gbà padà, ó sì bọ́ sínú gbèsè ńlá. Àwọn olè ni a ń bú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ra ọjà lọ́wọ́ olè? Àwọn òǹwòran tí ń pariwo pé "Bàbá Sàlá kò láfiwé" wà lára wọn. A kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde. Ẹni tí ó bá ní eré kan wu òun, tí ó sì ra ayédèrú rẹ̀, ìdájọ́ méjì ni ó dá: ó fi ẹnu dá òṣèré láre, ó fi owó dá a lẹ́bi. Ìdájọ́ owó sì ni ó ń mú òṣèré padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí ó ń lé e kúrò níbẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. A Tribe Called Judah, fíìmù tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá. Àwọn òǹwòran ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ibẹ̀, tí wọ́n fi owó ara wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà ni ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ràn èdè rẹ̀ yóò ṣe àkíyèsí pé Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ fíìmù náà. Ṣé owó kò sí nínú Yorùbá ni? Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love tí ó kó ipa nínú Ìjà Òmìnira, dáhùn ní 2022 nígbà tí Aníkúlápó rẹ̀ jáde lórí Netflix. Yorùbá ni wọ́n sọ nínú rẹ̀. A kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún àwọn tí kò gbọ́ ọ, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì wò ó. Ohun tí òǹwòran bá fi àkókò àti owó rẹ̀ tẹ̀ lé ni àwọn onífíìmù yóò máa ṣe. Bí a bá ń ráhùn pé èdè wa ń kú nínú eré, kí a kọ́kọ́ wo ohun tí a ń rà.

Ohun kan sì ti yí padà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Láyé àjọwò, ẹni tí ó bá sọ pé eré kan dára yóò rí aládùúgbò tí yóò já a nírọ́ lójú ẹsẹ̀, èrò rẹ̀ a sì mú sí i bí ọ̀bẹ tí a pọ́n. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá wo tirẹ̀ lórí fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora. Bí eré kan kò bá wù ú, ó ti fi ìka yí i kúrò kí ó tó mọ ìdí tí kò fi wù ú. Ẹ̀rọ a sì tún gbé irú èyí tí ó wò lánàá wá fún un. Eré pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́jọ́ dín kù, ibi tí ìgbẹ́jọ́ bá sì ti dín kù, ayédèrú iṣẹ́ a máa rọrùn láti tà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹwòran, yálà ìyá tí ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ni yín tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkòròdú, bí wọ́n bá bi yín léèrè eré tí ó wù yín jù, ẹ má ṣe dárúkọ rẹ̀ kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ohun tí ìtàn rẹ̀ jọ nínú ayé yín. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ tí ẹ kò gbàgbé. Ẹ sọ ibi tí òṣèré ti mọ̀ ọ́n ṣe àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Bí ó bá jẹ́ pé ó kọ́ yín ní nǹkan, ẹ sọ ọ́. Bí kò bá kọ́ yín ní nǹkan kan tí ó sì pa yín lẹ́rìn-ín, ìyẹn náà kò burú, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe ọmọ yín tàbí àgbà ilé yín jókòó, kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.